Ẹni Tó Mọ Inú Rò Ló Mọ Ọpẹ́ Dá

  

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tún ti dé tán. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá, ilé-ìwé yóò tì, ọjà yóò kún, tòlótòló yóò sì rí màbo. Ní ilé náà, àsìkò ìkórè nìyí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ. Ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ obìnrin yóò máa jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú iṣu, àgbàdo, adìyẹ àti ọsàn. Ìdí nìyí tí olóòtú fi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìwúlò ìyìn àti ọpẹ́ nínú ayé onígbàgbọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ó yẹ kí a dúpẹ́? Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà; kò sí ẹni tí wọn kò fi òwe yìí kọ́ nílé. Ṣùgbọ́n mo rántí ọpẹ́ kan tí èmi fúnra mi dá ní ọdún 2016, tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí títí di òní. Òun ni n ó fi ṣáájú ọ̀rọ̀ mi.

OMI GREENSPOINT

Fún àǹfààní ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Houston, apá àríwá ìlú náà ni Greenspoint wà, níbi tí ọ̀nà Interstate 45 àti Beltway 8 ti pàdé. Kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfurufú ńlá tí púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Texas. Ní ọdún 1976 ni wọ́n ṣí ilé ìtajà ńlá tó ń jẹ́ Greenspoint Mall síbẹ̀, wọ́n sì kọ́ fúláàtì rẹpẹtẹ sí àdúgbò náà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà kó lọ, owó ilé dínkù, àwọn tí apá wọn kò ká ibòmíràn sì kó wọlé: àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí, àwọn ará Mexico àti Central America, àti àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé ń dà láàmú. Ilé ìtajà náà fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní ọdún 2024. Ohun tí kò kúrò níbẹ̀ ni odò tí wọ́n ń pè ní Greens Bayou, tó ń ṣàn gba àdúgbò náà kọjá. Ilẹ̀ Houston tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́, amọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, kọnkéré ló sì bo púpọ̀ nínú èyí tó kù. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi kì í tètè ríbi lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2016, òjò bẹ̀rẹ̀. Kí ọjọ́ Ajé tó parí, àwọn ibì kan ní agbègbè náà ti gba òjò tó ju ínṣì 15 lọ. Ọjọ́ Ajé náà ni gbèdéke tí àwọn ará Amẹ́ríkà ní láti ṣètò owó orí wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ omíyalé náà ní Tax Day Flood. Greens Bayou kún àkúnya. Ní Greenspoint nìkan, fúláàtì tí omi wọ̀ lé ní 1,000. Àwọn kan gbé ọmọ wọn sórí tìmùtìmù onífẹ́ẹ́fẹ́, àwọn kan gbé tiwọn sínú fíríìjì tí wọ́n dà dùbúlẹ̀, wọ́n sì ń tì í lórí omi bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀mí ṣòfò káàkiri agbègbè Houston ní ọjọ́ náà.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni èmi ń gbé. Ní ìsàlẹ̀ mi gan-an ni tọkọtaya kan láti Honduras wà pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. A kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ìkíni òwúrọ̀ ni òpin ọ̀rọ̀ wa. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin òru, mo gbọ́ ariwo, mo ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ló dúró sórí àtẹ̀gùn, omi ń kán lára wọn, ìyá gbé àbíkẹ́yìn mọ́ àyà. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn. Mo ní ìdánwò ní ọjọ́ náà. Mo rò ó pé bí mo bá ní kí wọ́n wọlé, n kò ní rí oorun sùn mọ́. N kò sì mọ̀ wọ́n dáadáa. Mo ti ilẹ̀kùn mi. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìdánwò náà kò sì wáyé, nítorí omi kò jẹ́ kí wọ́n ṣí ilé-ìwé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo wọ aṣọ funfun, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Yorùbá tí mò ń lọ nígbà náà lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde, èmi ni mo kọ́kọ́ sáré síwájú. Mo ní kí wọ́n bá mi yin Ọlọ́run: omi wọ ilé ọ̀tún, ó wọ ilé òsì, kò wọ tèmi, ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn rì, tèmi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà tí mo yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Onílù lù fún mi, mo sì jó dáadáa.

Nígbà tí a túká, ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, a bá ọ yọ̀ o. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ilé rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Màmá, omi ba gbogbo ẹrù wọn jẹ́ ni."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

"N kò mọ̀, mà."

Ó wò mí títí, ó wá ní, "Tóò. Ọpẹ́ rẹ dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má ṣe dá a níbi tí wọ́n ti lè gbọ́."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, irú ọpẹ́ wo ni ọpẹ́ tí aládùúgbò ẹni kò gbọ́dọ̀ gbọ́?

ỌPẸ́ KÌ Í ṢE ÌFIWÉRA

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìhìnrere Lúùkù orí 18. Àwọn ọkùnrin méjì gòkè lọ sí tẹ́ńpìlì láti gbàdúrà. A máa ń gbàgbé pé ọpẹ́ ni Farisí náà fi bẹ̀rẹ̀. Kò tọrọ nǹkan kan, kò ráhùn. Ó dúpẹ́ pé òun kò rí bí àwọn ènìyàn yòókù, pàápàá jù lọ bí agbowó-orí tó dúró lókèèrè. Síbẹ̀ agbowó-orí tó ń lu àyà ni Jésù sọ pé ó lọ sílé ní ìdáláre. Ọpẹ́ Farisí kò lè dúró láìsí ẹlòmíràn tí yóò fi ṣe àtẹ̀gùn. Irú ọpẹ́ tí mo dá nìyẹn. Bí omi kò bá wọ ilé àwọn ará Honduras, n kò ní rí ẹ̀rí kankan jẹ́.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Ìrònú ló ń ṣáájú, kí ọpẹ́ tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá rò ó díẹ̀ ni, n bá mọ̀ pé kì í ṣe òdodo mi ló gbé mi sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fúláàtì òkè ló ṣófo ní ọjọ́ tí mo wá ilé, tí ti ìsàlẹ̀ bá ṣófo ni, ibẹ̀ ni n bá gbà. Ṣé ó burú kí ẹni tí a gbà là dúpẹ́ ni? Ó tì o! Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò ó yóò mọ̀ pé a kò gba òun là kí òun lè máa fi ẹlòmíràn wé ara òun.

ỌPẸ́ KÌ Í SỌ IBI DI IRE

Àwọn ọ̀dọ́ kan tún wà tí wọ́n rí irú ọpẹ́ tèmi yìí, tí wọ́n sì parí èrò sí pé ẹ̀tàn ni gbogbo ọpẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ọkọ̀ rẹ̀ rì ní ọdún náà bi mí pé, "Kí ni kí èmi dúpẹ́ fún?" Àwọn kan ti sọ fún un pé kí ó dúpẹ́ nítorí omíyalé náà, nítorí pé ohun gbogbo ló dára. Inú bí i, n kò sì bá a wí. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà ni pé kí wọ́n máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Kò ní kí a pe ikú ní ìyè, kò ní kí a pe òfò ní èrè. Jésù fúnra rẹ̀ sunkún níbi ibojì Lásárù. Níbẹ̀ náà ló ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba. Ẹkún kò ní kí ọpẹ́ má wáyé, ọpẹ́ kò sì ní kí a fi ẹkún pamọ́.

Ẹni tó kọ́ mi ní èyí jù lọ ni Ajàyí Crowther. Ní ọdún 1821, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé, ogun wọ ìlú rẹ̀, Òṣogùn. Wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì yà wọ́n nípa. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti rì í bọmi ní 1825.

Ní ọdún 1837, wọ́n ní kí ó kọ ìtàn ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan sí ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. Nígbà tí ó dé orí ọjọ́ tí wọ́n kó o lẹ́rú, orúkọ méjì ló fún ọjọ́ náà: ọjọ́ ìbànújẹ́ ni, ọjọ́ ìbùkún sì ni. Ìbànújẹ́, nítorí wọ́n fi ipá lé e kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ìbùkún, nítorí ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Kristi. Kò yọ orúkọ kìíní kúrò kí èkejì lè ríbi jókòó. Kò sì torí pé òun ti di ẹni ìbùkún sọ pé òwò ẹrú kò burú: ní 1851 ó dé iwájú Ọbabìnrin Victoria, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú tó ń ba ilẹ̀ wa jẹ́. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, fojú kan ara wọn. Ó kọ ọ́ pé wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ mìíràn wà tí kò ní ìlù, tí kò ní ijó, tí ẹnu kò sì lè gbé.

ÌYÌN INÚ TÚBÚ

Ọpẹ́ àti ìyìn jọ ń rìn ni, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ọpẹ́ ń wo ohun tí a ṣe fún wa. Ìyìn ń wo ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ń ki ọba kò dúró kí ọba fún un ní ẹ̀bùn lónìí kó tó kì í. Ẹni tí ọba jẹ́ ló ń kì. Nítorí náà, nígbà tí ojú kò bá rí ohun tí à bá dúpẹ́ fún, ìyìn ṣì lè dúró. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní Fílípì, nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Wọ́n ti nà wọ́n, wọ́n ti kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ àbà, àárín òru sì ni. Wọ́n ń kọrin ìyìn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń tẹ́tí sí wọn. Ilẹ̀ mì, ilẹ̀kùn túbú ṣí.

Ibi tí a máa ń bá ìtàn náà dé nìyẹn, tí a ó sì pariwo Halelúyà. Ẹ jẹ́ kí a kà á síwájú. Onítúbú jí, ó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó fa idà yọ láti pa ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kígbe pé kí ó má ṣe ara rẹ̀ ní ibi, gbogbo àwọn wà níbẹ̀. Ìyanu tó wà nínú ìtàn náà fún mi nìyí: ilẹ̀kùn ṣí, wọn kò sá. Orin tí wọ́n kọ ní òru kò di wọ́n létí sí ọkùnrin tó fẹ́ kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, onítúbú ti ń wẹ ọgbẹ́ wọn, ó sì ti gbé oúnjẹ síwájú wọn nínú ilé rẹ̀.

Ìyìn tòótọ́ ń ṣí ilẹ̀kùn, ó sì ń mú kí ẹni tó ń yin Ọlọ́run bojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní tèmi, ilẹ̀kùn mi ṣí, mo sì fi ọwọ́ ara mi tì í.

ỌPẸ́ Ń PADÀ LỌ

Ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí o ṣe lóore yóò sọ pé o ṣeun, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá ṣe mí lóore lónìí, n ó dúpẹ́ lónìí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó tún wá kí ọ pé o ṣeun àná. Bí a bá sì pàdé lọ́jà lẹ́yìn oṣù kan, n ó tún un sọ. Bí oore náà bá pọ̀, n ó mú ẹbí lẹ́yìn, n ó ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́. Àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ wa máa ń rò pé àsọdùn ni. Ìrántí ni o. Ọpẹ́ àná ń sọ fún olóore pé mo gbé oore rẹ sùn, mo sì gbé e jí.

Nínú àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Jésù wò sàn, ọ̀kan ṣoṣo ló padà, ará Samáríà sì ni, àlejò. Nínú Deutarónómì orí 26 pẹ̀lú, ẹni tó gbé àkọ́so èso wá sí ilé Ọlọ́run kò ní kàn gbé agbọ̀n kalẹ̀ kó máa lọ. Yóò kọ́kọ́ ka ìtàn: pé alárìnkiri ni bàbá òun, pé ẹrú ni àwọn ní Íjíbítì, pé Ọlọ́run ló mú àwọn jáde. Lẹ́yìn náà ni òun, ọmọ Léfì, àti àlejò tó wà láàárín wọn yóò jọ yọ̀ nínú ohun rere náà. Ìkórè tí a kò pín fún àlejò kò pé.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà tí a fẹ́ jẹ yìí náà, inú ogun ló ti di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1863, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìjà Gettysburg tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kú sí, Ààrẹ Abraham Lincoln kéde pé kí wọ́n ya Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá sọ́tọ̀ fún ọpẹ́. (Ní 1941 ni òfin sọ ọ́ di Ọjọ́bọ̀ kẹrin.) Nínú ìkéde kan náà, ó ní bí wọ́n ti ń dúpẹ́, kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn, kí wọ́n sì rántí àwọn opó, àwọn aláìníbaba àti àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Kò ní kí ẹnikẹ́ni díbọ́n bí ẹni pé ogun kò sí.

ẸNI TÓ DÚPẸ́ FÚN MI

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe parí. Lọ́jọ́ kejì tí màmá bá mi sọ̀rọ̀, mo béèrè wọn kiri. Ẹnì kan júwe gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gba àwọn tí omi lé nílé fún mi. Mo gbé ìrẹsì tí mo sè, aṣọ díẹ̀, àti owó tí kò tó nǹkan. Bí mo ti ń rìn lọ ni mo ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí n ó sọ. N kò rí i sọ. Bí ìyá náà ti rí mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó nawọ́ sí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń ṣeré lórí ibùsùn, ó ní, "Gracias a Dios." Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kò ní ilé, kò ní ibùsùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ka ọmọ rẹ̀, wọ́n pé. Ó sọ ọ́ sókè láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn náà tí kò yẹ kó gbọ́ ọ. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọpẹ́ tí mo ti rò pé mo mọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey dé, omi sì tún padà wá sí Greenspoint. Ní ọ̀tẹ̀ yìí n kò dúró kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn. Nínú yàrá tí èmi nìkan ń sùn, a di ènìyàn méje fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìrẹsì tán, a jẹ gàrí; mo kọ́ wọn bí a ṣe ń mu ún, wọ́n ní ó kan. Nígbà tí mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn náà, n kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá wà lẹ́yìn, ó ń mi orí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ bá dé, ẹ jẹ́ kí a ronú kí a tó dúpẹ́. Kí olúkúlùkù wa ka oore tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó san owó ilé-ìwé, ẹni tó ta ilẹ̀ kí a lè wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹni tó gbà wá sílé ní alẹ́ tí a dé. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ṣeun àná. Bí ọdún yìí bá korò fún ọ, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú ọ pe ìkorò ní adùn. Sunkún rẹ, kí o sì wá ohun kan tí omi kò gbé lọ, kí o dúpẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá sì dùn fún ọ, ẹ jọ̀wọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ilé gbígbé tí kò ní ibi tí wọ́n ń lọ ní ọjọ́ náà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọpẹ́ tí aládùúgbò wa yóò gbọ́, tí yóò sì bá wa ṣe Àmín sí.